Orin Kẹrin, Orin Karùn-ún, àti Ẹ̀gbọ́n Bọ́lá Tó Ti Lọ́ńdọ̀nù Dé

Ẹ bá mi kí ẹni tó gbọ́ orin kí orin tó di orin! Ẹ kí akọni tó mọ ẹgbẹ́ olórin nígbà tí ìyá tó bí wọn kò tíì mọ̀ pé wọ́n ń kọrin! Ẹ kí ọlọ́gbọ́n èèyàn tó jẹ́ pé, bí ẹ bá gbé orin tuntun sí i létí, á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á mi orí, á ní, "Àwọn yẹn? Mo ti ń gbọ́ wọn tipẹ́. Ìgbà tí wọ́n dára gan-an ti kọjá." Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Àwọn afọbajẹ ló ń fi adé sórí ọba, ṣùgbọ́n "mo ti ń gbọ́ wọn tipẹ́" ni adé tí èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé sórí ara rẹ̀, kò sì sí afọbajẹ kankan tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó dáa. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú wa rí ní Ìgándò ní Alímọ̀ṣọ́, nígbà tí sanitéṣọ̀n, ìyẹn ìmọ́tótó àyíká, ṣì wà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn ní títì láàárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, àfi tí aago mẹ́wàá bá lù.

Àwa mẹ́rin la jọ máa ń gbọ́ orin. Rọ́tìmí ló ni yàrá tí a ń pàdé sí. Ó ń ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí ibẹ̀. Bọ́lá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn ní Ẹgbẹ́dá. Mùtíù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, télọ̀ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòtún, ó sì ní ẹnu tó mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Èmi ni ìkẹrin, èmi tí mo jáde yunifásítì, tí mo sì ń wá iṣẹ́ tó tó ìwé ẹ̀rí mi. Mo ṣì ń wá a.

Orin wo là ń gbọ́? Orin rọ́ọ̀kì! Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé sórí rédíò o. Èyí tí wọ́n ń pè ní índì ni: àwọn ọmọ òyìnbó mẹ́rin tí irun bo ojú, tí kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn, tí wọ́n gba ohùn sílẹ̀ nínú gáréèjì bàbá ẹnì kan, tí inú wọn kì í sì í dùn láéláé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé kí ló kan ará Alímọ̀ṣọ́ nínú ìbànújẹ́ ọmọ òyìnbó. Wọ́n ti bi wá tó. Ìyá Onílé bi wá. Pásítọ̀ ìjọ Rọ́tìmí bi wá. Ẹ̀gbọ́n Mùtíù tó wá kí i láti Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ orin kan ṣoṣo, ó sì bèèrè bóyá wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù. Ìdáhùn kan náà là ń fún gbogbo wọn: ó wù wá. Ṣé ó di dandan kí èèyàn gba ìwé àṣẹ kó tó fẹ́ràn nǹkan ni?

Òfin kan ṣoṣo la ní. Tí a bá gbé àwo kan sí i, láti orin àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn ni. A kì í fo orin. Bí orin kan bá ti parí, a ó dá ẹ̀rọ dúró, oníkálukú á sọ ohun tó gbọ́ níbẹ̀, a ó tó lọ sórí òmíràn. Àwo tí a ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, a máa ń padà sí i, bóyá etí wa ti dàgbà sí i. Ọjọ́ sanitéṣọ̀n ló sì bá irú iṣẹ́ yìí mu jù. Ká ti wọlé kí aago méje tó lù, kò tún sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè sá lọ. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló bá wa ti ilẹ̀kùn!

Ṣùgbọ́n Ìyá Onílé ní òfin tirẹ̀ náà. Àlejò o, ayálégbé o, ẹni tí kò bá kọ́kọ́ kó ìdọ̀tí gọ́tà kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ orin.

Ní ti àwo tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Tí mo bá dárúkọ rẹ̀, àwọn kan á ní àwọn ti ń gbọ́ ọ tipẹ́. Rọ́tìmí ló wa orin méjìlá inú rẹ̀ jáde ní káfẹ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Ìkòtún, tó kọ wọ́n sórí síídì. Òun ni olórí gbogbo àwo lójú wa.

Ẹ wo bó ṣe rí. Orin kìíní á kí èèyàn káàbọ̀. Ìkejì àti ìkẹta á máa falẹ̀, wọn á máa ṣókùnkùn. Tó bá di ìkẹrin, ohùn olórin á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ìlù á dá. Gìtá á máa lọ díẹ̀díẹ̀ bí iná àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán. Ọ̀gbẹ́ni náà á dágbére fún gbogbo ayé, kẹ́kẹ́ á pa. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn pọ̀ débi pé ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbọ́ ọ, a rò pé wọ́n ti mú iná lọ ni. Lẹ́yìn náà, gbàà! Orin karùn-ún á bú jáde bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lójú oorun.

Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Rọ́tìmí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ní olórin náà kú ní orin kẹrin, ó sì jíǹde ní ìkarùn-ún. Mùtíù ní irọ́ ni o.

"Kò kú jàre. Ó sùn ni. Ẹ̀yin Onígbàgbọ́, gbogbo ẹni tó bá ti dákẹ́ lẹ fẹ́ jí dìde."

Èmi náà ní àlàyé tèmi, tó kún fún ọ̀rọ̀ yunifásítì. Kò yé ẹnikẹ́ni. Ká sọ òótọ́, kò yé èmi náà. Bọ́lá kì í dá sí àríyànjiyàn yìí. Ó kàn máa ń di ojú tí orin kẹrin bá bẹ̀rẹ̀, kì í sì í là á títí ìkarùn-ún á fi wọlé.

Wàyí o, Rọ́tìmí àti Bọ́lá fẹ́ fẹ́ra. Bàbá Bọ́lá ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bùọ̀dá Fẹ́mi, tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ló dúró bíi bàbá fún un. Òun ló rán an nílé ìwé títí tó fi jáde. Màmá wọn ní Ayọ̀bọ̀ sì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò tún un sọ: ohun tí Fẹ́mi bá wí, ohun tí òun wí náà nìyẹn. Bí Bùọ̀dá Fẹ́mi bá gbà, ìdílé méjèèjì á pàdé. Bí kò bá gbà, ó parí.

Ẹ sì wo oore Ọlọ́run! Bùọ̀dá Fẹ́mi ń bọ̀ wálé wá lo ìsinmi, Bọ́lá sì sọ fún wa pé òun náà fẹ́ràn rọ́ọ̀kì, pàápàá jù lọ ẹgbẹ́ tó ṣe àwo wa yìí. Inú Rọ́tìmí dùn bíi kó fò. Àwọn mìíràn ń gbé ọtí lọ fún àna, òun ní etí lòun máa fi ṣe é. Ó ní kí Bọ́lá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá lọ́jọ́ sanitéṣọ̀n, ká jọ gbọ́ àwo náà láti orí dé ìdí.

Bùọ̀dá Fẹ́mi dé pẹ̀lú bàtà funfun.

Ìyá Onílé wo bàtà náà, ó gbé ṣọ́bìrì lé e lọ́wọ́. Bùọ̀dá Fẹ́mi ní àlejò lòun, mà. Ìyá Onílé ní ẹ̀fọn inú gọ́tà kì í bèèrè ẹni tó jẹ́ àlejò kó tó jẹni. Kí ni ọkùnrin máa ṣe? Ó kó ìdọ̀tí. Nígbà tí a fi máa wọ yàrá, bàtà náà ti di ará Ìgándò.

A jókòó. Mùtíù sọ fún un pé ó ti pẹ́ tí àwa ti mọ àwọn olórin yìí. Bùọ̀dá Fẹ́mi rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti wò wọ́n lójúkojú nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí àwọn tó wá wò wọ́n kò kún yàrá méjì. Ó ní olórin náà tiẹ̀ tẹ òun lẹ́sẹ̀!

Gbogbo wa wo ẹsẹ̀ náà.

"Ẹsẹ̀ wo ni, bùọ̀dá?" Mùtíù bèèrè, ojú rẹ̀ le bíi ti adájọ́. "Ọ̀tún ni àbí òsì?"

Bọ́lá fi ìgbúnwọ́ gún un. Rọ́tìmí yára tan ẹ̀rọ.

Orin kìíní dára. Bùọ̀dá Fẹ́mi ń mi orí. Orin kejì wọlé, ó dáwọ́ orí mímì dúró. Ó wo ẹ̀rọ. Ó wo àjà. Orin kẹta, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. A rò pé orin ló wọ̀ ọ́ lára. Rọ́tìmí ṣẹ́jú sí mi, bí ẹni pé kí n lọ ra aṣọ ìgbéyàwó.

Nígbà tí orin kẹrin parí, Rọ́tìmí dìde dúró bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Ó ní kí Bùọ̀dá Fẹ́mi kíyè sí i pé ikú ni èyí tí a gbọ́ yìí, ikú gidi, àti pé olórin náà mọ̀ọ́mọ̀ fi ikú sí orin kẹrin kí àjíǹde lè wà fún wa ní ìkarùn-ún. Ó sọ̀rọ̀ náà dáadáa. N kò gbọ́ ọ kó sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bùọ̀dá Fẹ́mi bú sẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Orin tó kẹ́yìn nìyẹn! Orin kejìlá nìyẹn! Ìparí àwo lẹ gbọ́ yẹn o! Ó ń dágbére torí pé àwo ti tán!"

Ó fa fóònù yọ, ó fi bí orin ṣe tẹ̀ léra nínú ojúlówó àwo náà hàn wá. Orin tí àwa ń pè ní ìkejì, ìkẹwàá ni. Ìkẹta wa, ìkọkànlá. Ìkẹrin wa, ìkejìlá. Àjíǹde Rọ́tìmí, orin kejì lásán ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Kọ̀ǹpútà káfẹ̀ kò ka nọ́ńbà bí èèyàn ṣe ń kà á. Fígọ̀ tó ṣáájú nìkan ló ń wò. Ó rí oókan, ó gbé e síwájú. Ó rí mẹ́wàá, mọ́kànlá àti méjìlá, ó rí i pé oókan ló ṣáájú nínú àwọn náà, ó bá tò wọ́n tẹ̀ lé e. Ìgbà tó tán lórí ìdílé oókan ló tó rántí méjì. Bẹ́ẹ̀ ni Rọ́tìmí ṣe kọ wọ́n sórí síídì, bẹ́ẹ̀ la sì ti ń ja ìjà ikú àti oorun láti ìgbà náà.

Bùọ̀dá Fẹ́mi nu ojú. Ó bi Rọ́tìmí pé iṣẹ́ wo ló ní òun ń kọ́ àwọn ọmọ ná.

"Ìṣirò ni, sà."

"Ìṣirò!"

Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín yìí tán, kò sí àwàdà lójú rẹ̀ mọ́. Ó yíjú sí Bọ́lá. Ó ní ẹni tí kò mọ̀ pé méjì ló ń tẹ̀ lé oókan ló fẹ́ kí òun fi í fún? Ó ní ẹ̀bi wa kọ́ ṣá, pé irú orin yìí kì í ṣe ti àwọn tó ń jí orin ní káfẹ̀, ká yáa lọ máa gbọ́ ohun tí àdúgbò wa ń gbọ́. Ó ní kí Bọ́lá gbé báàgì rẹ̀, kí àwọn máa lọ.

Ó ṣílẹ̀kùn. A gbọ́ ohùn Ìyá Onílé láti ẹnu géètì.

"Níbo lò ń lọ, oníbàtà funfun? Wọ́n ń kó èèyàn ní títì o! Àbí ọkọ̀ sanitéṣọ̀n lo fẹ́ wọ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù? Padà wọlé jàre!"

Ó padà wọlé. Ó jókòó. Ṣé ẹ ti rí ilé ẹjọ́ tí adájọ́ ti dájọ́ tán, tí kò sì rí ọ̀nà jáde? Ibẹ̀ la wà.

Rọ́tìmí na ọwọ́ láti yọ síídì náà.

"Má yọ ọ́," ni Bọ́lá wí.

Ó dìde, ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ̀bẹ̀ ni o! Àwọn obìnrin wa mọ bí wọ́n ṣe ń wà lórí ìkúnlẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tó le ju òkúta lọ.

"Bùọ̀dá mi, ẹ ṣé. Ẹ rán mi níwèé, n kò lè san án láyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀yin wà lọ́hùn-ún, ẹ kò ráyè wá. Yàrá yìí ni mo wá. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Rọ́tìmí gbé síídì yìí sí i, kò bi mí ní nǹkan kan. Orin kẹrin yìí ni mo fi sunkún bàbá mi. Ìkarùn-ún yìí ló gbé mi dìde nílẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ lè tò ó bó ṣe wù ú. Èmi, bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Mi ò ní dá a padà fún ẹnikẹ́ni."

Bọ́lá kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ ní kò mọ nọ́ńbà. Ẹ kò tíì bi mí bóyá ó máa ń gbọ́ mi dé òpin ọ̀rọ̀. Kì í fo orin, bùọ̀dá mi. Kì í fo èmi náà. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ nìyẹn, àṣẹ yín ni mò ń tọrọ. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ná. Ó ku orin mẹ́jọ, nínú yàrá yìí a kì í dìde kó tó tán."

Ó padà lọ jókòó lórí àkéte. Mùtíù ní "Áàmín" jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni pé ìwàásù ló parí.

Ohun tí Rọ́tìmí ṣe lẹ́yìn náà ló mú kí n bọ̀wọ̀ fún un dòní. Tíṣà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣẹ̀sín tán, tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó gbé orí sókè. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Olórin náà kú ní orin kẹrin. Èyí tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí ni orin karùn-ún." Ó tẹ ẹ̀rọ.

Gbàà!

Mo ń wo Bùọ̀dá Fẹ́mi. Ó ti gbọ́ orin yẹn lọ́nà tirẹ̀ láìmọye ìgbà, lẹ́yìn orin kìíní, níbi tí kò ti sí ohun tó yani lẹ́nu nínú rẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́. Ó tẹ orí ba. Nígbà tó tán, ó ní ká dá a padà. Ó ní láti ìparí ìkẹrin ni o, kí òun gbọ́ bó ṣe bọ́ sínú ara wọn. A dá a padà. Ó tún ní ká dá a padà.

Lẹ́yìn ìgbà kẹta, ó sọ ọ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni: "Kò kú. Kò sì sùn. Ó kúrò nílé ni. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn, inú ọkọ̀ òfuurufú ni. Ariwo yìí ni ìlú tó bọ́ sí."

Háà! Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ní ojúlówó lọ́wọ́, tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwo ayédèrú wa ló fi rí ara rẹ̀!

Mùtíù kò jẹ́ kó borí. Ó ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kò sí níbẹ̀, pé oorun ni, oorun gbọnrangandan! Bùọ̀dá Fẹ́mi ní kí ló mọ̀. Mùtíù ní òun mọ oorun. Kí a tó mọ̀, àwọn méjèèjì ti ń pariwo mọ́ra wọn bí ẹni tó ti mọra láti kékeré, Rọ́tìmí sì wà láàárín, ó ń gbèjà òkú rẹ̀.

Aago mẹ́wàá lù. Géètì ṣí. Ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ní títì. Bùọ̀dá Fẹ́mi kò dìde. Ó jókòó dé ìparí orin kejìlá wa, èyí tó jẹ́ ìkẹsàn-án lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀wé.

Nígbà tó ń lọ, ó kọjú sí Rọ́tìmí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní kó wá sí Ayọ̀bọ̀ lọ́la, Màmá máa fẹ́ rí i, kó sì mú àgbàlagbà kan dání láti ilé wọn.

"Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, tí wọ́n bá bi ẹ́ ní iṣẹ́ tó ò ń ṣe, má ṣe dárúkọ ìṣirò."

Bọ́lá yí ojú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni àbí ẹkún, n kò lè sọ.

Ṣé a wá tún síídì náà tò? Rárá o! Ta ló bí ẹni tó máa dán an wò? Bó ṣe wà la fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ la sì ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò gùn. Ẹ̀yin tó ní ojúlówó lọ́wọ́, ẹ kú ojúlówó. Ohun tí èèyàn bá ti fi sunkún, tó ti fi dìde, tirẹ̀ ni, ì báà wá láti ọwọ́ kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀wé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ níbikíbi gba etí yín lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Orin wo lẹ ti ń gbọ́ lódìlódì, tí ẹ sì gbà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ má tijú, kò sí adájọ́ lórí pèpéle yìí.

Ó ku ohun kan tí n kò tíì sọ. Nígbà tí Bùọ̀dá Fẹ́mi fi fóònù hàn wá, tí ojú Rọ́tìmí ṣú, ẹnì kan gbin nínú yàrá yẹn, ó ní òun ti fura sí i tipẹ́. Èmi ni. N kò fura sí nǹkan kan.